Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Ka Ìwé Pẹ́pẹ́yẹ Dópin ní Ìlú Máa-Retí

Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ yìí, ẹni tí ó bá ń fọ́ ẹ̀pà kí ó dá ọwọ́ dúró, ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe kí ó wú u kí ó tán, nítorí pé ìtàn tí mo gbé wá kò fẹ́ ariwo mìíràn lẹ́yìn ariwo tirẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí kò jọ òótọ́ nínú rẹ̀, ẹ má bi mí. Ọdẹ́jìnmí ọdẹ ni kí ẹ bi. Òun ni ó lọ, òun ni ó bọ̀, òun náà ni ó sì ń sọ ọ́ níbikíbi tí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sí, tí ẹnìkan nínú wọn kò bá tètè dìde.

Akínkanjú ni Ọdẹ́jìnmí. Ó ti pa ẹfọ̀n, ó ti pa àmọ̀tẹ́kùn, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa erin lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ju ìbọn yíyìn lọ ni kí ó di ènìyàn sínú. Ó ń bínú sí odò kan tí ó gbé bàtà rẹ̀ lọ nígbà èwe; láti ọjọ́ náà kò mu omi odò yẹn mọ́, kódà bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ lórí afárá rẹ̀. Ó ń bínú sí tíṣà tí ó pè é ní olódo ní kíláàsì kejì, tí ó fi ju síléètì sílẹ̀ tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tíṣà ti kú láti ọdún méjìlélógún, Ọdẹ́jìnmí kò yí ohùn padà. Ó ní ikú kì í ṣe àforíjì.

Ṣùgbọ́n ọba gbogbo ìbínú rẹ̀ ni ti igẹ̀ ìgalà. Láṣebìkan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ti inú ìyá kan jáde, ni ó yìnbọn pa ìgalà kan ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ajá Ọdẹ́jìnmí ni ó lé e jáde. Ní ìdílé wọn, ẹni tí ajá rẹ̀ bá lé ẹran jáde ni ó ni igẹ̀ ẹran náà; bí bàbá wọn ti ṣe é nìyẹn, bí bàbá bàbá wọn ti ṣe é nìyẹn. Láṣebìkan se igẹ̀ náà, ó jẹ ẹ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ béèrè, ó ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnìkan jẹ. Ó wá fi eegun ìgalà náà tayín lójú rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí búra lọ́jọ́ náà pé òun kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́, àfi ọjọ́ tí ó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún òun, kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Àwọn àgbà ní èèwọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Ó ní kí èèwọ̀ náà jókòó de òun, òun ń bọ̀ wá bá a. Ó sì sọ ajá rẹ̀ ní Ówàníkùn; bí èyí bá kú, orúkọ kan náà ni òmíràn ń jẹ́. Láràárọ̀ ni yóò dúró sí ẹ̀yìnkùlé Láṣebìkan, tí yóò máa pariwo pe ajá tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ajá náà wà ní ìlú mìíràn.

Nígbà tí ó ṣe, Láṣebìkan wọ igbó lọ, kò padà. Oṣù kan kọjá, oṣù méje kọjá. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, wá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́jìnmí. Ó ní, "Ọkọ mi, gbogbo ọdẹ ni ó ti wá a, ó ti sú wọn. Ìwọ nìkan ni nǹkan kì í sú."

Ọdẹ́jìnmí ní kí ó dìde. Ó ní òun yóò lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìfẹ́. "Ṣé kí ó lọ kú síbì kan láìdọ̀bálẹ̀ fún mi ni? Láàyè ni màá mú un dé." Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó pe ajá rẹ̀, wọ́n sì wọ igbó tí àwọn ọdẹ yòókù ti ń yí padà.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ kò kéré. Ó pàdé àwọn ọ̀rọ̀, iwin inú igi, tí wọ́n ń pààrọ̀ àyè lẹ́yìn ènìyàn bí àwọn ọmọ iléèwé tí tíṣà kọ ẹ̀yìn sí. Ó bá Onígbọ̀nwọ́-Mẹ́rìndínlógún jà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, títí gbogbo ìgbọ̀nwọ́ ẹbọra náà fi lọ́ mọ́ra bí okùn àwọ̀n, tí ó ṣubú lulẹ̀, tí kò lè tú ara rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní agbára òun ni ó gbé e ṣubú. Èmi tí mo mọ Ọdẹ́jìnmí, mo rò pé ìgbọ̀nwọ́ ni ó ṣiṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo lọ.

Ní ìkángun igbó, ó dé ẹnu bodè kan tí iwin kan ń ṣọ́. Etí iwin náà gùn bí ẹní. Ó tẹ́ ọ̀kan jókòó, ó fi èkejì bora. Ó ní kò sí ẹni tí ń kọjá láìdáhùn. Ó bi Ọdẹ́jìnmí pé, "Kí ni à ń bọ́ lójoojúmọ́ tí kì í sanra, tí ẹni tí ó ń bọ́ ọ sì ń gbẹ sí i?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ajá mi ni."

Iwin ní irọ́ ni, ìkùnsínú ni ìdáhùn, kódà ọmọ ọwọ́ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó yọjú wo Ówàníkùn. Ó ka eegun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mi orí, ó ní ó dára, kí àwọn gba ìdáhùn méjèèjì. Ó sì ṣí bodè.

Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe wọ Ìlú Máa-Retí nìyẹn. Kò sí ohun tí ó parí ní ìlú náà. Gbogbo ilé ní ògiri, kò sí ọ̀kan tí ó ní òrùlé. Àwọn ọkùnrin ń rìn kiri pẹ̀lú orí tí wọ́n fá ní ìlàjì. Obìnrin kan wà lójú ọ̀nà tí ó ti ń rọbí láti ọdún mẹ́ta. Ọkùnrin kan dúró lábẹ́ igi, ó ká imú, ó la ẹnu, ó fẹ́ sín; ọdún kẹfà rẹ̀ nìyẹn lórí sísín ẹyọ kan. Bí ẹnìkan bá gbé òkèlè dé ètè, bí kínńkín bá kù kí nǹkan tán, ohùn kan yóò bú láti ààfin: "Ó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ máa retí." Gbogbo nǹkan yóò dúró, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọba wọn ni ó ni ohùn náà. Ọlọ́fun-Gbọọrọ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fun rẹ̀ ga tó igi ọ̀pẹ, ẹnu rẹ̀ sì wà ní òkè téńté, ó la sí afẹ́fẹ́ bí ẹnu fèrè. Iṣẹ́ tí ó sì yàn fún ìlú rẹ̀ ni èyí: àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ a máa kó ìwé aláwòrán tí àwọn ọmọdé ń kà káàkiri ayé, àwọn ìwé tín-ín-rín tí ewé wọn kò ju méjìlá lọ. Wọn yóò fi wọ́n ṣe ìpolówó fíìmù tí ó kún fún ìjà àti iná. Fíìmù náà gan-an, ẹnikẹ́ni kò ṣe é rí.

Ìgbà tí wọ́n ń fi ìpolówó ọjọ́ náà hàn ni Ọdẹ́jìnmí dé. Wọ́n ta aṣọ funfun kan sáàárín igi àràbà méjì, gbogbo ìlú jókòó síwájú rẹ̀. Nítorí pé àlejò ni, wọ́n fún un láyè níwájú pátápátá.

Aṣọ náà ṣókùnkùn. Ohùn ọba sọ̀ kalẹ̀, ó mi ilẹ̀: "Bàbá arúgbó kan. Fìlà kan ṣoṣo. Ewúrẹ́ kan tí kò ní àánú." Bàbá arúgbó yọ, ó ń sunkún nínú òjò, ó fi àdá búra. Ilé mọ́kànlá bú gbàmù lẹ́ẹ̀kan náà. Láti inú iná ni ewúrẹ́ ti jáde, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu, kò bojú wẹ̀yìn. "Fìlà Bàbá Àgbà. Ó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún yín."

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà, Ọdẹ́jìnmí ti wà nínú gọ́tà, ìbọn rẹ̀ dojú kọ aṣọ, ajá rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí ó wà nítòsí fà á jáde, ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé nínú ìwé, ewúrẹ́ kan kàn jẹ fìlà lórí okùn aṣọ ni. Ọdẹ́jìnmí bi í pé kí ni bàbá náà wá ṣe. Ìyá náà ní òun kò mọ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì gbọ́ òpin nǹkan kan.

Èkejì dé. Ìgbín kan ń wá ọ̀nà ilé. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ń lé e, hẹlikọ́pítà ń lé e lókè. Ìgbín ń sá, ṣùgbọ́n eré tí ó ń sá lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ọkọ̀ fi ya á sílẹ̀, tí wọ́n já sódò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbín gbé jígí dúdú wọ orí ìwo rẹ̀ méjèèjì, ó kọjú sí àwọn òǹwòran, ó ní, "Èmi ò kánjú." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Ọdẹ́jìnmí náà pàtẹ́wọ́, ó wá rántí pé òun ń bínú, ó dá a dúró.

Ẹ̀kẹta ni ó mú un dìde. Ohùn ní, "Wọ́n ní kí ó wẹ̀. Ó kọ̀. Nísinsìnyí, omi ni ó ń bọ̀ wá bá a." Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan tí ẹrẹ̀ ti bò dúró lórí òkè, ìjì ń jà. Ìyá rẹ̀ bẹ́ láti orí alùpùpù tí ó ń jóná, ó fi kànìnkànìn sẹ́nu bí ọ̀bẹ. Bàsíà omi ọṣẹ kan ru sókè bí òkun. Láti ojú fèrèsé tí iná ń yọ ni bàbá àgbàlagbà kan ti fò já, ó wọ jígí dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ ti jó ní ìlàjì. Ó gbá bàsíà náà mú, ó wo pẹ́pẹ́yẹ lójú, ó ní, "Ọmọ, ọṣẹ ti tán."

Láṣebìkan ni.

Ẹnu Ọdẹ́jìnmí yà, ṣùgbọ́n ìbúra ni ìbúra, kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó sì pe ajá tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ówàníkùn o." Aṣọ funfun náà mì. Láṣebìkan yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, èéfín ń jáde lára agbádá rẹ̀, omijé ń bọ́ lábẹ́ jígí. Àádọ́rin ọdún ni bàbá náà, igbó ni ó ti ṣìnà wọ ìlú náà, ó sì ti fi oṣù méje fò jáde nínú iná ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ sá lọ, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá ti jáde ní bodè, ohùn ọba yóò dún, yóò sì bá ara rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ.

Ó sáré wá síwájú àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ igẹ̀ ìgalà yẹn, jọ̀wọ́, dá..."

"Ó ń bọ̀ lọ́nà," ni ohùn wí. Ẹnu Láṣebìkan pa dé.

Ó tẹ orúnkún, ó ń lọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ku ìka mẹ́rin kí ó kan ilẹ̀. "Ẹ máa retí," ni ohùn wí. Láṣebìkan ta sókè bí igi pàkúté. Ó tún un ṣe, ó tún ta sókè. Lẹ́ẹ̀kẹta, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iyẹ̀pẹ̀. Ọdẹ́jìnmí tí ó ti retí rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún rí i bí ó ti dé iwájú òun tí ó sì padà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó gbé ìbọn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì mú, ó kọrí sí ààfin.

Ó gbójú sókè sí ọba, ó sọ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ láti orí igẹ̀ ìgalà títí dé orí tíṣà àti odò, ó ní kí ọba jẹ́ kí nǹkan parí. Ọba rẹ́rìn-ín títí òrùlé tí kò sí lórí ààfin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

"Ọdẹ, ohun tí ó bá parí, ènìyàn a dìde lábẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Bí gbogbo wọn bá lọ sílé, ta ni yóò kù lọ́dọ̀ mi?"

Ọdẹ́jìnmí fi ìbéèrè náà kún àwọn ohun tí ó ń bínú sí. Ọba wá ju ìwé pẹ́pẹ́yẹ sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní bí ó bá lè ka ìwé náà dópin ní ìlú òun, kí ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bí kò bá lè kà á dópin, Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe fìlà nínú ìpolówó ewúrẹ́, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ewúrẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, ó wo Ọdẹ́jìnmí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹnu lásán.

Ohun tí ọba kò mọ̀ ni irú ìwé kíkà tí ọkùnrin yìí mọ̀. Kíláàsì kejì ni ó ti sá. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbẹ̀ ni pé kí ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, kí ó gé e wẹ́wẹ́ bí ilá, kí ó wá kó o jọ. Bí ó bá ṣì í, tàbí tí ẹnìkan já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ ìwé ni yóò padà sí. Pàṣán ni tíṣà fi kọ òfin náà sí i lẹ́yìn, kò sì dúró níléèwé pẹ́ tó láti kọ́ òmíràn.

Ó jókòó sórí òkúta láàárín ọjà, gbogbo ìlú yí i ká. Ó fi ìka sílẹ̀. "Pẹ́. Pẹ́. Yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ. Ké. Ke. Ré. Kékeré. Pẹ́pẹ́yẹ kékeré kò fẹ́ wẹ̀." Ó ṣí ewé. "Ó sá sábẹ́ àga." Ó ṣí òmíràn. "Ìyá rẹ̀ pè é."

"Ó ń bọ̀ lọ́nà," ni ohùn bú.

Ọdẹ́jìnmí ṣí ìwé padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Pẹ́. Pẹ́. Yẹ."

Ohùn bú ní ewé kẹrin, ó padà. Ohùn bú ní ewé keje, ó padà. Ohùn tí ń dá ìjì dúró, kò rí ibi tí yóò ti dá ọkùnrin yìí dúró, nítorí pé kò bínú sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ẹ̀ẹ̀kọkànlélógún, ìyá arúgbó tí ó fà á jáde nínú gọ́tà ti mọ ewé kìíní sórí, ó ń bá a kà á. Láìpẹ́ àwọn tí wọ́n fá orí ní ìlàjì dara pọ̀, obìnrin tí ń rọbí dara pọ̀ láàárín ìrọbí kan àti èkejì, gbogbo ìlú sì ń kígbe rẹ̀ bí àwọn ọmọ kíláàsì tí tíṣà jáde: "Pẹ́pẹ́yẹ kékeré kò fẹ́ wẹ̀." Ohùn wọn borí ti ọba. Ọba bú títí ọ̀fun rẹ̀ fi há, ó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí a kò fi epo sí.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ewé kọkànlá: "Ìyá rẹ̀ na apá sí i." Ọdẹ́jìnmí fẹ́ ṣí ewé ìkẹyìn, kò ṣí. Àtè ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ti ṣe gbogbo ìwé ìlú náà. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni, ọmọ tí ó ti fi àtè mú ẹyẹ kí ó tó mọ ìbọn dì mú, ó sì mọ̀ pé epo ni àtè ń bẹ̀rù. Ó yọ ìgò epo tí ó fi ń nu ìbọn, ó kán an sí etí ewé, ó fi èékánná fà á díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀fun gígùn náà tẹ̀ wá sílẹ̀ láti òkè ààfin, ó rọra na orí sórí èjìká Ọdẹ́jìnmí. Ọba sọ ọ́ wẹ́lẹ́, bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀ pé òun kò tíì sùn. "Ṣé ó padà wẹ̀?"

Ọdẹ́jìnmí wò ó lójú. "Kábíyèsí," ni ó wí, "ẹ máa retí." Ó jẹ́ kí ó dun ọba tó bí ó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka sílẹ̀. "Pẹ́pẹ́yẹ kékeré wẹ̀. Ó mọ́. Ó sùn sábẹ́ apá ìyá rẹ̀."

Ìyá arúgbó náà nu ojú, ó ní, "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn." Ọkùnrin abẹ́ igi sín, sísín náà sì fẹ́ ẹ lọ sínú agbọ̀n ẹnìkan. Àwọn òkèlè dé ọ̀nà ọ̀fun. Ìgbà tí wọ́n máa wo ẹ̀yìn, obìnrin tí ń rọbí ti bí ọmọ. Ọmọ náà ti hu eyín mẹ́jọ, ó dìde, ó kí gbogbo ilé. Ọba gbé orí lé òkúta tí Ọdẹ́jìnmí jókòó sí, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ka ti ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tí ó dìde lọ sílé.

Láṣebìkan wá sí iwájú àbúrò rẹ̀. Gbogbo ènìyàn bojú wo ọba, ọba fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Àbúrò mi, ìwọ ni o ni igẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ebi kò pa mí. Dárí jì mí."

Ó tẹ orúnkún, ó fi ọwọ́ lélẹ̀, àyà rẹ̀ ń bọ̀ nílẹ̀, kò sì sí ohùn kan tí yóò dá a dúró. Ọdẹ́jìnmí rí irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí iná jó. Ẹ̀yin ènìyàn, ara ọkùnrin náà ta bí ẹni tí oyin ta. Kí ó tó mọ ohun tí òun ń ṣe, ó ti fi gbogbo ara lélẹ̀ gbàà níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, imú kan imú, eruku sọ.

Wọ́n jọ ń bọ̀ nílé, wọ́n sì ń jà lọ́nà. Láṣebìkan ní àyà òun ni ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, òun ni òun bẹ̀bẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní irọ́ gbuu ni, ta ni yóò dúró gangan kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Òun ni òun kọ́kọ́ kàn án, kí ó lọ bi iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n jà dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró, wọ́n sì ní kí ó dá ẹjọ́ náà.

Àwẹ̀ró wo àyà ọkọ rẹ̀, ó wo àyà ọkọ rẹ̀ kékeré, iyẹ̀pẹ̀ pupa ni ó wà lára méjèèjì. Ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bọ́ aṣọ méjèèjì síbẹ̀ kí òun fọ̀ wọ́n.